Nígbà tí Makefile Fẹ̀yìn Tì

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 2005, àjọ X.Org gbé ẹ̀dà méjì jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo: X11R6.9 àti X11R7.0. Ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ á rò pé èkejì ní ohun tí èkínní kò ní. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Kóòdù kan náà ló wà nínú méjèèjì. X ni ètò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1984. Òun ló ń ya fèrèsé, tó sì ń gbé ìtọ́ka màósì káàkiri ojú kọ̀ǹpútà fún àwọn tó ń lo Unix, àti Linux tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí ẹ̀dà méjèèjì ti yàtọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń tò wọ́n pọ̀ kí kóòdù tó di ètò tó ń ṣiṣẹ́. R6.9 wà lódidi bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, irinṣẹ́ àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Imake ló sì ń kọ Makefile, fáìlì tó ń sọ bí ìtòpọ̀ ṣe máa lọ, fún un. Wọ́n pín R7.0 sí ìdì kéékèèké, wọ́n sì gbé ìtòpọ̀ rẹ̀ lé Autoconf àti Automake lọ́wọ́. Wọ́n gbé àtijọ́ àti tuntun síta papọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣiyèméjì lè fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ohun kan náà ni méjèèjì ń mú jáde.

Iṣẹ́ mímú Makefile fẹ̀yìn tì kì í gba oríyìn. Bó bá yọrí sí rere, ẹni tó ń lo ètò náà kò ní mọ̀ rárá pé nǹkan kan yí padà. Bó bá dàrú, gbogbo àwọn tó ń kọ kóòdù ló máa jókòó láìrí iṣẹ́ ṣe. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ètò ńláńlá tí ayé gbára lé ló ti gba ojú ọ̀nà yìí kọjá láàárín ogún ọdún. Nínú ìtàn wọn, kíkọ fáìlì tuntun kọ́ ni ìṣòro. Ìṣòro ni mímọ gbogbo ohun tí fáìlì àtijọ́ mọ̀, tí kò sì sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ níbòmíràn.

Make fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1976, ní Bell Labs ní Murray Hill, ìpínlẹ̀ New Jersey. Stuart Feldman ló kọ ọ́. Gẹ́gẹ́ bó ṣe ròyìn rẹ̀ lẹ́yìn náà, Steve Johnson, ẹni tó kọ irinṣẹ́ Yacc, ló já wọ ọ́fíìsì rẹ̀ tìbínú-tìbínú. Ó ti fi òwúrọ̀ kan ṣòfò, ó ń wá àṣìṣe nínú ètò tí kò ní àṣìṣe mọ́. Ó ti tún kóòdù náà ṣe, ṣùgbọ́n kò tún fáìlì náà gba inú kọmpáìlà, irinṣẹ́ tó ń sọ kóòdù di ètò, kọjá, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dà àtijọ́ ló ṣì ń ṣiṣẹ́. Irú wàhálà kan náà ni Feldman ti bá wọ̀yá ìjà ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ó kọ́kọ́ gbèrò irinṣẹ́ tó díjú, tó máa tú gbogbo ìbátan tó wà láàárín fáìlì wò fúnra rẹ̀. Ó gé èrò náà kù títí ó fi ṣẹ́ku ohun kékeré kan, ó sì fi òpin ọ̀sẹ̀ náà kọ ọ́.

Ohun kékeré náà lágbára. Ìyá tó ń se ọbẹ̀ kì í tún ata tó ti lọ̀ gbé lọ sídìí ẹ̀rọ nítorí pé iyọ̀ kò tó; iyọ̀ ló máa fi sí i. Bẹ́ẹ̀ ni Make ṣe ń ronú. Ẹni tó ní fáìlì main.c yóò kọ ọ́ sínú Makefile pé main.o ń ti ara main.c wá. Ní ìlà tó tẹ̀ lé e, yóò tẹ bọ́tìnnì Tab, yóò sì kọ àṣẹ náà: cc -c main.c. Ó parí. Nígbàkígbà tí wọ́n bá pe Make, yóò wo àkókò tí wọ́n fọwọ́ kan fáìlì méjèèjì kẹ́yìn. Bí main.c bá jẹ́ tuntun ju main.o lọ, yóò ṣe iṣẹ́ náà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, yóò fò ó. Nínú ètò tó ní fáìlì ẹgbẹ̀rún kan, ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀ àti wákàtí púpọ̀ nìyẹn lórí ẹ̀rọ ìgbà náà.

Tab yẹn ló ti da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú jù lọ. Ẹni tó bá fi àlàfo mẹ́jọ rọ́pò rẹ̀ kò ní rí ìyàtọ̀ kankan lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n Make kò ní gbà. GNU Make, irú Make kan tó dé lẹ́yìn náà, á ké “missing separator”, á sì dúró síbẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn tó ń bójú tó o fi ìbéèrè kan kún un, bóyá Tab ni onítọ̀hún ní lọ́kàn. Feldman ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀: ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo Lex àti Yacc ni, ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ́, ó sì mú ọ̀nà tó rọrùn jù. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, bí ẹni méjìlá ti ń lo Make, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn, kò sì fẹ́ ba iṣẹ́ wọn jẹ́ nípa yíyí i padà. Nítorí ènìyàn méjìlá, gbogbo ayé ń tẹ Tab títí dòní.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn fojú kéré iṣẹ́ rẹ̀. Make bá Unix kúrò ní Bell Labs lọ sí àwọn yunifásítì àti ilé iṣẹ́. Adam de Boor kọ irú tirẹ̀ ní Berkeley, èyí tó di make àwọn Unix ti BSD. Richard Stallman àti Roland McGrath kọ GNU Make, èyí tí Paul Smith ti ń bójú tó láti ọdún 1997. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ACM fún Feldman ní àmì ẹ̀yẹ wọn fún ètò tó ta yọ ní ọdún 2003, irinṣẹ́ tó fi òpin ọ̀sẹ̀ kan kọ ni wọ́n dárúkọ.

Ohun tó sọ Makefile di ẹrù ni ohun tí wọ́n tò jọ lé e lórí. Unix kò jẹ́ ẹyọ kan mọ́ nígbà tí ọdún 1980 sí 1990 ń lọ. Sun ní tirẹ̀, HP ní tirẹ̀, IBM ní tirẹ̀. Makefile tó ṣiṣẹ́ lórí ọ̀kan lè kú lórí èkejì nítorí pé kọmpáìlà wọn ń gba àṣẹ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tàbí nítorí pé àkójọ iṣẹ́ kan kò sí nínú fódà tó yẹ kó wà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará X fi dá Imake sílẹ̀. Ìdí kan náà ló mú kí David MacKenzie bẹ̀rẹ̀ Autoconf ní ọdún 1991 fún àwọn ètò GNU. Automake tẹ̀ lé e, Libtool náà sì dé. Àwọn mẹ́ta yìí ni wọ́n ń pè ní Autotools.

Ẹ wo ohun tí ó wá di. Olùkọ́ ètò kọ fáìlì kan tó ń jẹ́ configure.ac ní èdè M4, ó sì kọ òmíràn tó ń jẹ́ Makefile.am. Automake, tí wọ́n fi Perl kọ, sọ èkejì di Makefile.in. Autoconf sọ àkọ́kọ́ di configure, ìwé àṣẹ tí ìlà rẹ̀ sábà máa ń wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Configure yìí á wá yẹ ẹ̀rọ náà wò látòkè délẹ̀, á sì fi ohun tó rí sọ Makefile.in di Makefile. Ìgbà yẹn ni Make tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Libtool á sì tún dúró láàárín òun àti kọmpáìlà. Ìpele kọ̀ọ̀kan ló dáhùn ìṣòro tòótọ́, kò sì sí ẹni tó yẹ ká dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ ní ìsàlẹ̀, ta ló máa lè tọ̀ ọ́ padà sókè gba gbogbo ìpele yẹn?

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà níbẹ̀. Ní ọdún 1997, Peter Miller, ará Ọsirélíà, kọ àpilẹ̀kọ kan tí àwọn onímọ̀ ṣì ń tọ́ka sí. Ó tako àṣà fífi Makefile kan sínú fódà kọ̀ọ̀kan, kí Make ti òkè máa pe Make ti ìsàlẹ̀. Àlàyé rẹ̀ ni pé Make kọ̀ọ̀kan ń rí apá tirẹ̀ nìkan, kò sí èyí tó mọ odidi ètò. Nípa bẹ́ẹ̀, wọn a máa ṣe iṣẹ́ tí kò yẹ, wọn a sì máa fi èyí tó yẹ sílẹ̀, títí àwọn òṣìṣẹ́ á fi máa pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ tí wọ́n á tún un tò látìbẹ̀rẹ̀ kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ti padà sí ibi tí Steve Johnson wà lówùúrọ̀ ọjọ́ tó bínú.

Ẹgbẹ́ KDE, tó ń ṣe ojú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún Linux, ni ètò ńlá tó jẹ́ kí gbogbo ayé rí i pé ẹrù náà ṣeé sọ̀ kalẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ wọn, àwọn tó mọ tinú-tòde Autotools kò pọ̀. Àwọn yòókù ń ṣe àdàkọ fáìlì aládùúgbò wọn, wọ́n sì ń gbàdúrà. Níbi ìpàdé wọn tó wáyé ní Málaga, ní Sípéènì, lọ́dún 2005, wọ́n pinnu láti kó lọ sọ́dọ̀ SCons, irinṣẹ́ tí wọ́n fi Python kọ. Kò bọ́ sí i. Oṣù ń gorí oṣù, SCons kò lè gbé ìwọ̀n KDE. Thomas Nagy, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà, yà kúrò nídìí rẹ̀, ó sì dá irinṣẹ́ tirẹ̀, Waf, sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006 ni Alexander Neundorf àti àwọn mìíràn gbé CMake yẹ̀ wò.

CMake kò ti ilé àwọn olùṣe ojú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wá rárá. Ilé iṣẹ́ Kitware ní ìpínlẹ̀ New York ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2000, láti fi to ITK pọ̀. ITK jẹ́ ètò fún wíwo àwòrán inú ara ènìyàn, ilé ìkàwé ìmọ̀ ìṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà ló sì ṣonígbọ̀wọ́ rẹ̀. Àwọn dókítà àti onímọ̀ tó ń lò ó ní Windows, Mac àti Unix, irinṣẹ́ kan sì gbọ́dọ̀ tó gbogbo wọn. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ KDE yọrí ni pé Bill Hoffman àti àwọn ará Kitware kò kàn na ìwé ìlànà sí wọn. Wọ́n jókòó tì wọ́n, wọ́n ń tún CMake ṣe bí ẹgbẹ́ náà ṣe ń kọsẹ̀. Láàárín oṣù mélòó kan, KDE ti ń gba ọ̀nà tuntun, òun ni wọ́n sì fi to KDE 4.0 tó jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2008.

Ti LLVM lọ́ra gan-an, èyí sì ni ìtàn tó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ dáwọ́ lé irú iṣẹ́ yìí kà dáadáa. LLVM ni ìpìlẹ̀ kọmpáìlà Clang àti ọ̀pọ̀ èdè ètò òde òní. Ó bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì Illinois, pẹ̀lú Autoconf àti Makefile tí wọ́n fọwọ́ kọ. Ní ọdún 2008, Óscar Fuentes fi CMake kún un. Láti ìgbà náà, ọ̀nà méjì ló wà nílé kan. Ẹni tó bá fẹ́ yí ìtòpọ̀ ètò náà padà gbọ́dọ̀ rántí tọ́jú ìlànà méjèèjì. Bó bá gbàgbé ọ̀kan, ẹlòmíràn ló máa bá wàhálà rẹ̀ jí ní ọ̀la. Nǹkan bí ọdún méje ni èyí fi wà bẹ́ẹ̀. Ìkéde tó wà nínú ẹ̀dà 3.8 sọ pé Autoconf ti di ohun ìpatì, àti pé ẹ̀dà 3.9 kò ní bá a níbẹ̀ mọ́. Chris Bieneman ló yọ ọ́ kúrò ní oṣù Kìíní ọdún 2016, lẹ́yìn tó ti lọ káàkiri ohun tí Makefile lè ṣe tí CMake kò tíì lè ṣe, tó sì ń dí ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìwọ̀n ètò ló lé Google kúrò nídìí Make. Nígbà tí wọ́n ṣì ń lò ó, kóòdù aṣàwákiri Chromium ti ní fáìlì tó lé ní 30,000. Bí ènìyàn bá yí fáìlì kan ṣoṣo padà, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ló máa kọjá kí àwọn irinṣẹ́ ìtòpọ̀ wọn, títí kan Makefile tí wọ́n ṣètò dáadáa, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan létí ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ náà rí. Ẹni tó bá ń ṣe é nígbà ọgọ́rùn-ún lójúmọ́ mọ̀ bó ṣe ń já ìrònú ènìyàn. Evan Martin wá kọ Ninja, ohun tó mọ̀ọ́mọ̀ mú kí ó má gbọ́n: kò ní ìpinnu kankan láti ṣe fúnra rẹ̀, irinṣẹ́ mìíràn ló ń kọ fáìlì fún un. Ó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé.

Android, tó wà nínú fóònù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ̀, gba ọ̀nà mìíràn. GNU Make nìkan ni wọ́n fi ń tò ó pọ̀ títí di ẹ̀dà 7.0 ní ọdún 2016. Nígbà náà ni wọ́n gbé irinṣẹ́ tuntun, Soong, wọlé. Ṣùgbọ́n Makefile ti kún inú Android bí omi òjò, kò sì sí ẹni tó lè tún gbogbo rẹ̀ kọ lóòjọ́ kan. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni Kati: irinṣẹ́ tó ń ka Makefile àtijọ́, tó ń túmọ̀ rẹ̀ sí èyí tí Ninja gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Makefile ṣe ń bá iṣẹ́ lọ lẹ́yìn tí Make fúnra rẹ̀ ti lọ, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì ń yọ wọ́n díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé gbogbo ètò ló máa gba ọ̀nà yìí, kó wo Linux. Ní àwọn ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún 2000, Keith Owens tún odidi Makefile inú Linux kọ, ó pè é ní kbuild 2.5. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì yanjú púpọ̀ nínú ohun tí Peter Miller ń sọ. Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, kò gbà á wọlé. Àtúnṣe kéékèèké tí Kai Germaschewski ń fi ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan ló gbà. Kì í ṣe pé iṣẹ́ Owens kò dára. Ohun tó wúwo tó bẹ́ẹ̀, tó sì fẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́ wò tán. GNU Make ni wọ́n ṣì fi ń to Linux pọ̀ títí di òní.

Àwọn ará PostgreSQL náà kò ju ohun àtijọ́ nù lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi ìpamọ́ dátà yìí ní Makefile tó dáńgájíá, ó sì ní ìṣòro kan tó ń ta ni lára: irinṣẹ́ Visual Studio lórí Windows kò lè lò ó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ìwé àṣẹ Perl kan ló ń ka Makefile wọ̀nyẹn bí ẹni ń ka ìwé lásán, tí wọ́n ń fa orúkọ fáìlì yọ, kí wọ́n tó fi ṣe èyí tí Visual Studio gbà. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ ìlà kan sínú Makefile lọ́nà tí Perl kò retí, Windows ló máa jìyà rẹ̀. Andres Freund ló léwájú àwọn tó gbé Meson wá, irinṣẹ́ tí Jussi Pakkanen ti Finland dá sílẹ̀. Meson wọ inú kóòdù PostgreSQL ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ó sì jáde pẹ̀lú ẹ̀dà 16 ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Wọn kò yọ Makefile kúrò.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Freund kan náà ń díwọ̀n bí PostgreSQL ṣe yá sí lórí Debian, irú Linux kan. Ó ṣàkíyèsí pé wíwọ ẹ̀rọ láti ọ̀nà jíjìn nípasẹ̀ SSH ń jẹ agbára ẹ̀rọ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ń pẹ́ tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá sí i. Ẹlòmíràn á fojú fò ó. Ó tọ̀ ọ́ títí ó fi dé ìdí rẹ̀, ní ọjọ́ 29 oṣù náà ó sì kéde rẹ̀ fáyé: ẹnì kan ti la ọ̀nà ẹ̀bùrú sínú xz, ètò ìfúnpọ̀ fáìlì tó wà lórí ọ̀kẹ́ àìmọye ẹ̀rọ Linux. Ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1 ló gbé e dé.

Ibi tí wọ́n fi pamọ́ sí ló kan ìtàn yìí. Kò sí nínú kóòdù tí àwọn ènìyàn ń kà. Fáìlì M4 kan tó ń jẹ́ build-to-host.m4 wà nínú ìdì tí wọ́n ń pín, ṣùgbọ́n kò sí ní ibi tí kóòdù gbogbogbòò wà. Ó jọ irú fáìlì tí Autotools máa ń kó wá, ẹni tó bá sì rí i á kọjá lọ. Nígbà tí configure bá ń ṣiṣẹ́, ìlà inú rẹ̀ á fa ohun tó fara sin nínú fáìlì ìdánwò méjì yọ, á sì yí Makefile liblzma, àkójọ iṣẹ́ xz, padà kí ohun burúkú náà lè wọ inú ètò. Ó rí ibi sá pamọ́ sí nítorí pé kò sí ẹni tó ń ka ìpele wọ̀nyẹn mọ́.

Ìwà òdodo gbà pé ká sọ apá kejì. Xz ní ìlànà CMake pẹ̀lú, ọwọ́ kan náà sì ti dé ibẹ̀: àmì ìdánudúró kan ṣoṣo tí wọ́n jù sí àárín ìdánwò kan ni kò jẹ́ kí ààbò Landlock ṣiṣẹ́ láéláé. Àmì kan péré, nínú irinṣẹ́ tuntun. Ṣùgbọ́n ìdánwò náà kò ju ìlà díẹ̀ lọ, ojú sì lè rí i nígbà tí wọ́n wá a. Ibi tí irinṣẹ́ tuntun ti tọ́ sí ìyìn nìyẹn. Kò lè dá olè dúró, àmọ́ ó dín ibi tí olè lè sá sí kù.

Àwọn ètò mìíràn náà ti gba Meson wọlé. Systemd, tó ń bẹ̀rẹ̀ àwọn iṣẹ́ lórí Linux, gba Meson ní ẹ̀dà 234 ní oṣù Keje ọdún 2017, nígbà tí ẹ̀dà 235 fi máa dé ní oṣù Kẹwàá, Autotools ti lọ. QEMU, tó ń ṣe àfarawé kọ̀ǹpútà, kó lọ sí Meson ní ẹ̀dà 5.2 ní òpin ọdún 2020. Mesa, tó ń bá káàdì àwòrán sọ̀rọ̀ lórí Linux, yọ Autotools rẹ̀ ní ọdún 2019. Git, tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù, gba Meson wọlé ní ẹ̀dà 2.48, ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ṣùgbọ́n ó fi Makefile rẹ̀ sílẹ̀ sí àyè rẹ̀.

PostgreSQL 17 jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Àwọn ìwé àṣẹ Perl ti Windows kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Meson ni ọ̀nà tí ẹni tó ń lo Visual Studio máa gbà. Ní ti Linux, ẹni tó bá já ìdì kóòdù náà wálẹ̀ lè tẹ configure kó sì tẹ make, tàbí kó lo meson àti ninja. Ìwé ìlànà wọn kọ́ni ní méjèèjì, àwọn tó ń bójú tó ètò náà sì ń tún méjèèjì ṣe nígbàkígbà tí fáìlì tuntun bá wọlé.